Òkú Ogun Tí Í Dìde Ní Ìrọ̀lẹ́: Nípa Eré Ìtàn Àwọn Saxon àti Viking

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé kò mọ ogun, ó ní kí ogun ó wá. Ó ní bí ogun bá dé, òun yóò kó sí ìyàrá ìyá òun. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá ń kà nípa àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ ogun ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn di eré. Àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, tí kálukú ní iṣẹ́ òòjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn bá dé, wọn a bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, wọn a wọ ẹ̀wù onírun àgùntàn tí a fi ọwọ́ rán, wọn a gbé apata onígi àti ọ̀kọ̀, wọn a sì lọ tò sórí pápá. Apá kan a ní Saxon ni àwọn, apá kejì a ní Viking ni àwọn. Wọn a kọlu ara wọn tagbáratagbára. Àwọn kan a ṣubú, wọn a kú. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn òkú a dìde, wọn a gbọn koríko kúrò lára, wọn a lọ mu tíì.

Ìbéèrè mi nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí ó rí òkú tí ó dìde ní ìrọ̀lẹ́, ṣé ó ti rí ogun? Èrò tèmi ni pé kò tí ì rí i. Ṣùgbọ́n oríṣi eré kan wà láàrin wọn tí ìtàn rẹ̀ kì í parí lọ́jọ́ kan. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún yìí yóò bá wọn dé ọdún tí ń bọ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀, bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ, lè kọ́ ènìyàn ní ohun tí ìwé ìtàn fúnra rẹ̀ máa ń fò dá. Kí a tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ogun tí wọ́n ń fi ṣeré.

Ogun tí wọ́n ń fi ṣeré

Ní ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Jésù, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù ti kó ẹrù wọn kúrò ní erékùṣù Britain, àwọn ẹ̀yà Angle, Saxon àti Jute gba orí omi wọlé láti ibi tí a ń pè ní Jámánì àti Denmark lónìí. Wọ́n bá àwọn Briton níbẹ̀, wọ́n sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ títí tí apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà fi di tiwọn. Wọ́n tẹ ìlú dó, wọ́n fi ọba jẹ, wọ́n gba ẹ̀sìn Kírísítì, wọ́n sì kọ́ ilé fún àwọn mọ́ńkì. Nígbà tí ó yá, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbàgbé pé ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé àwọn náà dé.

Ní ọdún 793, ọkọ̀ mìíràn dé. Àwọn jagunjagun láti ilẹ̀ àríwá gúnlẹ̀ sí Lindisfarne, erékùṣù kékeré kan ní etíkun ìlà-oòrùn àríwá. Wọ́n pa nínú àwọn mọ́ńkì tí ń gbé níbẹ̀, wọ́n kó ohun ọ̀ṣọ́ ilé Ọlọ́run, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ kan lọ ní ìgbèkùn. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àwọn wọ̀nyí ni ìtàn ń pè ní Viking.

Ìkógun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é: wọn a wá, wọn a kó, wọn a lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 865, ogun ńlá kan dé tí kò padà sílé mọ́. Ó gba York ní ọdún 866. Ó pa Edmund ọba East Anglia ní ọdún 869. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 878, wọ́n ti lé Alfred, ọba Wessex, wọ inú irà ní Athelney. Láàrin oṣù díẹ̀, Alfred kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó sì ṣẹ́gun Guthrum, olórí àwọn Viking, ní Edington. Ohun tí ó tẹ̀lé ìṣẹ́gun náà ni ó yani lẹ́nu. Guthrum àti ọgbọ̀n nínú àwọn ènìyàn pàtàkì rẹ̀ gba ìrìbọmi, Alfred fúnra rẹ̀ sì ni ó ṣe bàbá ìsàmì fún un. Àwọn méjèèjì pín ilẹ̀, wọ́n sì di aládùúgbò.

Ìdí nìyẹn tí èdè àwọn méjèèjì fi wọ inú ara wọn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ wa ń pàdé wọn lójoojúmọ́ láìmọ̀: law, husband, window àti they, ọ̀dọ̀ àwọn Viking ni gbogbo wọn ti wá. Àwa náà tí a ń sọ pé a ó rí ara wa ní Tọ́sìdeè, òrìṣà àrá wọn ni a ń dárúkọ. Thunor ni àwọn Saxon ń pè é, Thor ni àwọn Viking ń pè é, bí ẹni pé ìlú méjì ń pe Ṣàngó kan náà ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n àlàáfíà náà kò tọ́jọ́. Ní ọdún 991, àwọn Viking pa Byrhtnoth, ìjòyè àgbà Essex, ní Maldon. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n san 10,000 pọ́ùn fún wọn kí wọ́n lè lọ. Ẹgbìrìn ọ̀tẹ̀ ni owó yìí dà: bí a ti ń san ọ̀kan ni òmíràn ń hù. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1002, ọba Æthelred pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ará Denmark tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1016, Cnut ọmọ ọba Denmark gba adé ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1066, ogun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣẹlẹ̀ láàrin oṣù kan péré: Fulford ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, Stamford Bridge ní ọjọ́ 25, àti Hastings ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, níbi tí Harold, ọba Saxon tí ó jẹ kẹ́yìn lójú ogun, ti ṣubú lọ́wọ́ William ará Normandy. Àwọn ará Normandy yìí pẹ̀lú, àwọn Viking tí wọ́n gba ilẹ̀ ní Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹwàá wà lára àwọn baba ńlá wọn.

Bí eré ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà

Ní ọdún 1968 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Sealed Knot sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa ṣàfihàn ogun abẹ́lé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1971, ẹgbẹ́ tí ó gbájú mọ́ ìgbà àwọn Viking bẹ̀rẹ̀. Norse Film and Pageant Society ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. The Vikings ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é báyìí. Ní ọdún 1986, àwọn kan yà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n dá Regia Anglorum sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ yìí ra ilẹ̀ sí Wychurst ní agbègbè Kent, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ gbọ̀ngàn ńlá onígi síbẹ̀, ní àwòṣe ilé ìjòyè Saxon.

Iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn ni ó fún eré wọ̀nyí ní egungun ẹ̀yìn. Láàrin ọdún 1976 sí 1981 ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ Coppergate ní ìlú York. Ilẹ̀ tútù ni, kò jẹ́ kí igi, awọ àti aṣọ jẹrà. Wọ́n rí bàtà, ìkòyà, àwo onígi, ìlù ìhunṣọ àti ògiri ilé tí àwọn Viking gbé inú rẹ̀. Ní ọdún 1984, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jorvik sí orí ibẹ̀ gan-an. Omíyalé ba ilé náà jẹ́ ní òpin ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 2017. Láti ìgbà náà wá, ẹni tí ó bá fẹ́ rán bàtà Viking kò ní láti máa ronú ohun tí ó wù ú; àpẹẹrẹ ti wà nílẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kan náà ni ó bọ́ ìwo kúrò lórí wọn. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ àwòrán Viking tí ó dé àṣíborí oníwo bí orí màlúù. Àwọn awalẹ̀pìtàn kò rí irú rẹ̀ rí nínú ohun ìjà àwọn Viking. Aṣọ tí Carl Emil Doepler yà fún eré olórin tí Richard Wagner gbé jáde ní Bayreuth ní ọdún 1876 ni ó tan àwòrán náà kálẹ̀ jù. Àṣíborí Viking tí wọ́n rí ní Gjermundbu, ilẹ̀ Norway, ní ọdún 1943, kò ní ìwo lórí. Ẹni tí ó bá gbé ìwo wọ pápá láàrin àwọn ẹgbẹ́ tí ó mọṣẹ́, wọn yóò ní kí ó lọ bọ́ ọ.

Eré náà sì ń kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú. Ní ọdún 1962, wọ́n wú ọkọ̀ márùn-ún jáde láti ìsàlẹ̀ omi ní Skuldelev, lẹ́bàá Roskilde ní Denmark. Èyí tí ó gùn jù nínú wọn, igi tí wọ́n gé ní àgbègbè Dublin ní nǹkan bí ọdún 1042 ni wọ́n fi kàn án. Wọ́n kan irú rẹ̀ tuntun, wọ́n pè é ní Sea Stallion, àwọn olùfara-ẹni-jìn sì fi àjẹ̀ àti ìgbòkun tù ú láti Roskilde dé Dublin ní ọdún 2007; wọ́n tù ú padà sílé ní ọdún 2008. Ọ̀rọ̀ òtútù, ìrì àti àìsùn tí àwọn atukọ̀ náà fi ara rí, kò sí igi jíjẹrà kan tí ó lè sọ ọ́.

Ní ti ìjà, wọ́n ní òfin. Wọn a pa ẹnu idà kú, wọn a sọ ṣóńṣó ọ̀kọ̀ di róbótó. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbá orí ẹnìkejì. Ẹni tí ohun ìjà bá bà níbi tí òfin gbà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun ti kú, yóò sì ṣubú. Ẹni tí ó bá kọ̀ tí kò kú, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wò ó.

Àbùkù òkú tí í dìde

Mo ti yìn wọ́n tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá, ní ìlú Battle, níbi tí wọ́n ti ja ogun Hastings gan-an, wọ́n máa ń ṣe àfihàn ogun náà fún èrò ìwòran. Harold a ṣubú. Bí wọ́n bá tún un ṣe lọ́la, yóò tún ṣubú. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ bí yóò ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé a pàtẹ́wọ́. Ohùn irin lára irin a dùn létí, àsíá a máa fẹ́ lẹ́lẹ́, odi apata a sì wu ènìyàn láti wò.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjì tí ó parí ní agogo mẹ́ta, ẹwà rẹ̀ nìkan ni a rí. Oko tí wọ́n sun kò sí lórí pápá. Opó tí ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kò sí níbẹ̀. Owó tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀ kò sí níbẹ̀. Ogun gidi kì í tán lọ́jọ́ tí a jà á. Ó kàn ń kúrò ní pápá wọ inú ilé ni. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ìyá ìyá rẹ̀ bá ti sọ ìtàn bí wọ́n ṣe sá kúrò ní ìlú kan dé òmíràn fún un mọ èyí dájú.

Ìtàn tí kì í tán

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo oríṣi eré kejì. Nínú èyí, ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ yóò mú orúkọ ìgbà náà, yóò sì mọ ẹni tí òun jẹ́. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: Saxon ni tàbí Viking? Àgbẹ̀ ni, alágbẹ̀dẹ ni, ahunṣọ ni, tàbí ìjòyè? Olúwa wo ni ó ń sìn? Ta ni ó jẹ ní gbèsè? Orúkọ àti ipò yìí ni yóò máa gbé láti ọdún dé ọdún. Bí ó bá bá ẹnì kan mulẹ̀ lọ́dún yìí, ìmùlẹ̀ náà yóò wà bí wọ́n bá tún pàdé. Bí ó bá kú, ó kú nìyẹn. Yóò wá orúkọ mìíràn bí ó bá fẹ́ padà wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú inú mú àpẹẹrẹ kan wá, láìjẹ́ pé mò ń tọ́ka sí ẹgbẹ́ kan pàtó. Obìnrin kan ń ṣe ìyàwó àgbẹ̀ Saxon ní Essex. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé ọba Edmund lọ sí ogun Assandun ní oṣù kẹwàá ọdún 1016, níbi tí Cnut ti borí. Nínú eré ọjọ́ kan, ọkọ yóò dìde ní ìrọ̀lẹ́, yóò lọ mu tíì pẹ̀lú ìyàwó. Nínú ìtàn tí ń tẹ̀síwájú, ọkọ ti lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá tún pé jọ, obìnrin náà yóò wọ pápá ní opó. Edmund ti kú ní òpin oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Cnut ni ọba. Ní ọdún 1017, Cnut fẹ́ Emma, opó ọba Æthelred tí ó kú ṣáájú. Bí ìyàwó ọba bá lè bá ara rẹ̀ nínú ilé aṣẹ́gun, kí ni yóò ṣe ìyàwó àgbẹ̀? Ní ọdún 1018, Cnut gba 72,000 pọ́ùn lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún gba 10,500 lọ́wọ́ àwọn ará London. Níbo ni opó yóò ti rí tirẹ̀? Yóò ta màlúù bí? Yóò tọrọ lọ́wọ́ ìjòyè, kí ó sì di ẹni tí ń sìn ín?

Lẹ́yìn èyí, òfin dé. Nínú àwọn òfin tí Cnut ṣe, ó ní kí opó wà láìlọ́kọ fún oṣù méjìlá, lẹ́yìn náà kí ó yan ohun tí ó wù ú. Ó tún kà á léèwọ̀ láti fi ipá fún ọkùnrin kan ní obìnrin tí kò fẹ́ ẹ, ìbáà jẹ́ opó, ìbáà jẹ́ wúńdíá. Ẹni tí ó ka òfin yìí nínú ìwé yóò ní ó dára, yóò ṣí ojú ìwé tí ó kàn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti ń jẹ́ orúkọ opó yẹn láti àjọ dé àjọ, tí Viking kan tí ó gba oko ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ti ń wá kí i láràárọ̀, yóò mọ ohun tí òfin náà ń dí, yóò sì mọ ibi tí kò dí.

Àwọn kan lè bi mí pé ṣé irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní ba ìtàn jẹ́. Bí kálukú bá ń ṣe bí ó ti wù ú, ṣé Harold kò ní borí ní Hastings lọ́jọ́ kan? Ìdáhùn mi ni pé ààlà kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Ohun tí ìwé sọ nípa àwọn ọba ti di tìtàn, ọwọ́ eré kò gbọdọ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n ìwé kò dárúkọ alágbẹ̀dẹ, kò dárúkọ opó, kò sọ bóyá ọmọ alágbẹ̀dẹ fẹ́ ọmọ Viking tí ó wá gbé ní òdìkejì odò. Àyè tí ìwé fi sílẹ̀ yẹn ni ìtàn tí ń tẹ̀síwájú lè gbé, bí ó bá ti ń bẹ̀rù òfin, oúnjẹ, aṣọ àti ìgbàgbọ́ ìgbà náà.

Ẹ tún wo ìwé náà fúnra rẹ̀. Anglo-Saxon Chronicle, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ nígbà ayé Alfred, ìtàn tí ń tẹ̀síwájú ni òun pàápàá. Ọdún kan, ìròyìn kan. Nígbà mìíràn ìlà kan péré. Ní ilé àwọn mọ́ńkì Peterborough, wọ́n kọ ọ́ dé ọdún 1154. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ọ́ kò mọ bí yóò ti parí. Ẹni tí ó kọ̀wé pé wọ́n san 10,000 pọ́ùn ní 991 kò lè mọ̀ bóyá àwọn ọkọ̀ yẹn yóò lọ pátápátá. Àwa tí a mọ ìparí rẹ̀ ni a máa ń dá àwọn ènìyàn ìgbà náà lẹ́bi pé wọn kò gbọ́n. Ẹni tí ó bá wọ inú eré tí kò mọ ohun tí ọdún tí ń bọ̀ yóò mú bá orúkọ rẹ̀ yóò kọ́ àánú fún wọn.

Ẹrú dà?

Ìdánwò kan wà tí mo fi ń wọn gbogbo eré wọ̀nyí, nítorí ọmọ Yorùbá ni mí, mo sì wá láti inú ìran tí wọ́n kó lẹ́rú, tí òun náà kó àwọn mìíràn lẹ́rú. Mo máa ń béèrè pé: ẹrú dà?

Nítorí ẹrú wà níbẹ̀. Dublin tí àwọn Viking tẹ̀dó jẹ́ ojúko òwò ẹrú. Saxon pẹ̀lú ní ẹrú, wọ́n sì ń ta ènìyàn. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, láti èbúté Bristol ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tà ní Ireland, títí tí Wulfstan, bíṣọ́ọ̀bù Worcester, fi lọ ń wàásù níbẹ̀ pé kí wọ́n jáwọ́. Nínú Domesday Book tí William ní kí wọ́n ṣe ní ọdún 1086, nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́wàá tí wọ́n kà ni ó jẹ́ ẹrú. Èbúté Bristol yìí kan náà ni ọkọ̀ òwò ẹrú tún ń ṣí kúrò ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí wọ́n ń lọ sí etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀.

Lórí pápá, gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ gbé idà, bẹ́ẹ̀ idà wọ́n lọ́wọ́ ní ìgbà náà. Ọ̀kọ̀ ni ohun ìjà ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ta ni yóò fẹ́ ṣe ẹrú? Eré ọjọ́ kan lè yẹra fún ìbéèrè yìí, nítorí ẹni tí ogun mú ní agogo mẹ́ta yóò gba òmìnira ní agogo mẹ́rin. Ìtàn tí ń tẹ̀síwájú kò lè yẹra fún un. Bí wọ́n bá mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní etíkun nínú ìtàn ọdún yìí, ìtàn náà gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó wà lọ́dún tí ń bọ̀. Ta ni ó rà á? Ta ni ó ń wá a? Kí ni orúkọ tí wọ́n fún un? N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìyà ṣe ẹlòmíràn nítorí eré, tàbí kí wọ́n sọ ìrora di ìran wíwò. Sísọ ọ́ nìkan tó. Kí àyè rẹ̀ ṣófo níbi oúnjẹ, kí àwọn tí ó kù sì dárúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe èyí ti mọ ogun ju ẹgbẹ́ tí ó ní ẹgbẹ̀rún apata lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀

Ewu kan ṣì kù. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn Nazi ilẹ̀ Jámánì gba àmì àti lẹ́tà àtijọ́ àwọn ará àríwá, wọ́n sọ ọ́ di àmì ìran tí wọ́n ní ó ga ju gbogbo ìran lọ. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń fi orúkọ Viking bo ìkórìíra mọ́lẹ̀. Ohun tí ìmọ̀ sọ yàtọ̀. Ní ọdún 2020, ìwé ìròyìn Nature gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi egungun ènìyàn 442 ṣe. Ó fi hàn pé àwọn kan tí wọ́n sin ní ìlànà Viking kò ní ìran àríwá nínú ara wọn rárá. Ní ọdún 2017, ìwádìí mìíràn fi hàn pé òkú tí wọ́n sin pẹ̀lú idà, àáké, ọ̀kọ̀ àti ẹṣin méjì ní Birka, ilẹ̀ Sweden, tí gbogbo ènìyàn ti kà sí ọkùnrin láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, obìnrin ni. Ìlànà iṣẹ́ àti ìgbé ayé ni Viking; ẹ̀jẹ̀ nìkan kò sọ ènìyàn dà á. Eré tí ó bá gba ẹnikẹ́ni tí ó ṣetán láti kọ́ iṣẹ́ náà sún mọ́ òtítọ́ ju ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nítorí àwọ̀.

Àsọkágbá

Ẹni tí ó mọ ọdún Ẹdì ní Ilé-Ifẹ̀ kò ní ka ìtàn adigunjalè tí ń wọ ìlú lọ́dọọdún sí àjèjì. Ọdún òrìṣà ni Ẹdì, kì í ṣe eré ìdárayá, nítorí náà n kò ní fi wọ́n wé ara wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Nínú ìtàn Mọ́remí, ìṣẹ́gun kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí iná ti jó ìmọ̀ ara àwọn tí ń kó wọn lẹ́rù, ẹ̀jẹ́ kù nílẹ̀, Olúorogbo sì ni wọ́n fi san án. Àwọn tí ó fi ìtàn náà lé wa lọ́wọ́ kò jẹ́ kí a sọ ti ayọ̀ láìsọ ti ọmọ.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ Saxon àti Viking fún nìyẹn, bí ẹ̀bẹ̀ olùkọ́ bá lè dé ọ̀dọ̀ wọn: kí wọ́n má ṣe pa ìtàn wọn dé nígbà tí ìlù ogun bá dákẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kí òkú wà ní òkú, kí opó san owó orí rẹ̀, kí wọ́n béèrè ọmọbìnrin tí ọkọ̀ gbé lọ. Ọmọdé tí ó ní kí ogun ó wá gbójú lé ìyàrá ìyá rẹ̀. Ìtàn tí kò tán ni yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà ìyàrá náà, kí ó lè rí i pé ogun ti dé ibẹ̀ ṣáájú òun.